A Ti Gbàyè Lọ́wọ́ Olókè, Ẹsẹ̀ Ló Kù

  Mo ti ṣèlérí pé orí orúkọ àmútọ̀runwá ni màá dúró lé lọ́tẹ̀ yìí, àmọ́ ọ̀rọ̀ kan ti gba iwájú rẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni, ọjọ́ rẹ̀ sì ti ń sún mọ́lé. Orúkọ ò ní sá lọ. Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ òkè.

Ẹ ti ń rí àwọn ọ̀dọ́ wa tó ń sáré láàárọ̀. Àwọn kan nínú wọn ti fi ojú títì sílẹ̀ báyìí. Inú igbó àti orí òkè ni wọ́n ń sá eré tiwọn, lójú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tí mọ́tò ò lè gbà. Wọ́n á sáré níbi tó bá tẹ́jú, wọ́n á rìn níbi tó bá ga, wọ́n á fọwọ́ ti orúnkún, wọ́n á máa pọ́n lọ. Àwọn kan ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín pé iṣẹ́ ò sí lọ́wọ́ wọn ni. Èmi ò rẹ́rìn-ín o. Ọdẹ ló kọ́kọ́ sá eré yẹn nílẹ̀ yìí, ońṣẹ́ ọba náà sì sá a. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé wọ́n ń fi ẹ̀bùn sí tòde òní.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan wà lára wọn. Ó ní òun ń lọ sí Buea, ní ilẹ̀ Cameroon, lóṣù kejì ọdún tó ń bọ̀, kóun lọ bá wọn sá eré orí òkè ńlá ibẹ̀. Ìyá rẹ̀ wá bá mi, ó kúnlẹ̀, ó ní kí n bá òun dáhùn ìbéèrè méjì. Èkíní: "Bàbá, òkè tó ní olúwa, ṣé kì í ṣe àfojúdi ni kéèyàn máa fi bàtà sáré lórí ẹ̀?" Èkejì: "Tá a bá rúbọ fún un, ṣé ó máa dé òkè téńté?"

Èkíní dùn mọ́ mi nínú, nítorí ìbéèrè ọmọ ilé ni. Èkejì ni kò jẹ́ kí n sùn lóru ọjọ́ náà.

Mo mọ òkè yẹn. Mo gbé ní Limbe, létí òkun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, fún ọdún mẹ́ta nígbà tí mò ń ta aṣọ. Láàárọ̀ tí kùrukùru bá ká, ẹ ó rí i tó ti ẹ̀bá òkun dìde lọ sókè láìdúró, ọrùn á máa dun yín bí ẹ ti ń wò ó. Òkè Cameroon ni ayé mọ̀ ọ́n sí, ṣóńṣó rẹ̀ ló ń jẹ́ Fako. Gíga rẹ̀ lé ní mítà 4,000, kò sì sí òkè tó ga tó o ní gbogbo Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Òkè Ìdànrè tiwa, tó ń mú àlejò mí hẹlẹhẹlẹ, kò dé mítà 1,000. Ẹ to Ìdànrè mẹ́rin léra wọn, ẹ ò tíì dé Fako. Òkè oníná sì ni. Lọ́dún 1999, òkúta tó yọ́ bí epo gbígbóná ti ara rẹ̀ ṣàn wálẹ̀, ó gé ọ̀nà mọ́tò létí òkun nítòsí Bakingili, ó sì kù díẹ̀ kó wọnú omi. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ó tún yọná. Níhà tó kọjú sí òkun, ní Debundscha, òjò tó ń rọ̀ lọ́dún kan tó nǹkan bíi mítà mẹ́wàá; ibẹ̀ wà lára ibi tí òjò ti ń pọ̀ jù láyé. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń sá eré náà.

Ọdún 1973 ni eré yìí bẹ̀rẹ̀, ilé iṣẹ́ ọtí Guinness ló ń ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀ nígbà náà. Lónìí, Eré Ìrètí ni wọ́n ń pè é. Pápá ìṣeré Molyko ní Buea ni wọ́n ti ń gbéra. Wọ́n á la ìlú já, wọ́n á wọ inú oko, wọ́n á wọ igbó kìjikìji, wọ́n á kan ibùdó kìíní. Lẹ́yìn ìyẹn igi á tán, koríko nìkan ló kù, ilẹ̀ á wá dà bí ògiri tí wọ́n fi ara tì. Láàárín ibùdó kìíní sí ìkejì yìí lẹsẹ̀ ti ń gbọ̀n jù. Ibùdó kẹta ń bẹ lókè, lẹ́yìn rẹ̀ ni òkúta dúdú wẹ́wẹ́ tó ń yọ̀ lẹ́sẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn ló kan ṣóńṣó. Lẹ́yìn náà wọ́n á yí padà, wọ́n á sáré bọ̀ wá sí Molyko. Gbogbo rẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 38. Buea fúnra rẹ̀ ò dé mítà 1,000 sókè, èyí já sí pé wọ́n ń gun ohun tó lé ní mítà 3,000, wọ́n sì ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Ọkùnrin tó bá gba ipò kìíní máa ń lò tó wákàtí mẹ́rin àbọ̀. Èmi fi odindi ọjọ́ kan rìn dé ibùdó kejì péré.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún àwọn ọmọbìnrin yín pé eré ọkùnrin ni. Obìnrin ará Cameroon kan, Sarah Liengu Etonge, gba ipò kìíní lẹ́ẹ̀méje, abiyamọ sì ni. Ọbabìnrin Òkè ni wọ́n ń pè é. Mo ti ní mi ò sọ̀rọ̀ orúkọ lónìí, àmọ́ mi ò lè fo èyí: lẹ́nu àwọn Bakweri tó ni ilẹ̀ yẹn, liengu ni ẹni inú omi, irú èyí tí àwọn ará ìta ń pè ní màmíwọ́tà. Orúkọ omi ló gun òkè lẹ́ẹ̀méje yẹn.

Àwọn Bakweri yìí ní ẹni tó ni òkè ń jẹ́ Epasa Moto. Ìhà kan ara rẹ̀ jẹ́ èèyàn, ìhà kejì jẹ́ òkúta. Wọ́n ní ìyàwó rẹ̀ wà nínú òkun nísàlẹ̀, ọkọ wà lókè. Wọ́n ní ìrèké wà lóko olókè. Tí òùngbẹ bá gbẹ ọ́, já a jẹ níbẹ̀, kò sí ẹni tó máa bi ọ́. Àmọ́ tó o bá dì í mọ́ra láti gbé e lọ sílé, ọ̀nà á dàrú mọ́ ọ lójú, o ò ní mọ ibi tó o gbà wá mọ́. Nígbà tí eré bá kù díẹ̀, àwọn àgbà wọn á lọ ṣètùtù, wọ́n á tọrọ àyè lọ́dọ̀ olókè pé àlejò ń bọ̀, kí wọ́n lè lọ ire kí wọ́n bọ̀ ire. Ẹ gbọ́ bí ó ṣe dún létí? Ìyá ọmọ wa gbọ́ ọ, ó ní, "Háà, bíi tiwa náà ni."

Ó dà bíi tiwa, tiwọn ni. Mo ti gbọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ awo kan ń sọ pé nítorí iná tó ń yọ, Ṣàngó ni Epasa Moto lédè mìíràn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ olórúkọ sílẹ̀. Òyìnbó kan tó ń jẹ́ Richard Burton ti ṣe irú ẹ̀ rí. Lọ́dún 1861 ó ṣèbẹ̀wò sí Abẹ́òkúta, ìlú abẹ́ Olúmọ. Ìparí ọdún náà ló lọ gun òkè Cameroon, ó dókè tán, ó wá fi orúkọ ọbabìnrin ìlú rẹ̀ àti ti ọkọ ọbabìnrin náà sọ ibi gíga méjì lórí ilẹ̀ ẹni ẹlẹ́ni. Ìwé tó kọ lé ìrìn àjò méjèèjì jáde ní 1863, Abẹ́òkúta àti òkè Cameroon ló sì wà nínú àkọlé rẹ̀ pa pọ̀. Ta ló ń fi orúkọ méjèèjì yẹn pe ibẹ̀ lónìí? Fako ṣì ń jẹ́ Fako.

Nítorí náà, èsì ìbéèrè kìíní rèé. Eré sísá kì í ṣe àfojúdi, nígbà tó jẹ́ pé àwọn onílé fúnra wọn ń sá a, tí wọ́n sì ti bá ẹni tó ni ín sọ̀rọ̀. Àfojúdi ni kéèyàn da ọ̀rá omi sílẹ̀, kó ṣẹ́ ìgbẹ́ sójú odò, kó di òkúta sápò pé òun fẹ́ fi han àwọn ọ̀rẹ́, tàbí kó débẹ̀ kó máa bọ tiẹ̀ lórí tiwọn láìbéèrè. Ọmọ wa lè mú obì dání. Tó bá dé Buea, kó wá àgbà kan, kó dọ̀bálẹ̀, kó ní òun ti wá. Ohun tí wọ́n bá ní kó ṣe ni kó ṣe.

Ó wá ku ìbéèrè kejì.

Mo ti dífá fún ọmọ náà, ẹbọ sì jáde. A ó rú u kó tó gbéra. Àmọ́ mo bi ìyá rẹ̀ pé, "Ta ló sọ fún yín pé ẹbọ ṣóńṣó òkè ni?" Ẹbọ àlọ àti àbọ̀ ni. Mo fẹ́ kí gbogbo ilé tó bá ń ka ìwé yìí fara balẹ̀ gbọ́ mi níbí, nítorí mo mọ ohun tí ọkàn ọmọkùnrin ẹni ọdún 26 máa ń sọ fún un nígbà tó bá rẹ̀ ẹ́. Á ní: "Gbogbo ilé ló mọ̀ pé mo lọ. Wọ́n pa adìyẹ fún mi. Tí mo bá yíjú padà báyìí, wọ́n á ní ẹbọ ò fín, ẹnu àwọn ará ìta á gbà á." Á wá di eyín, á tún gbé ẹsẹ̀ kan sí i. Irú ẹsẹ̀ kan bẹ́ẹ̀ ti pa àwọn tó lágbára ju tiwa lọ lórí àwọn òkè gíga ayé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́hùn-ún. Bí a ṣe ń gòkè ni afẹ́fẹ́ ń fẹ́lẹ́. Ní ṣóńṣó Fako, tí ẹ bá mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, èémí tí ẹ rí jẹ níbẹ̀ kò tó ìdá méjì nínú ìdá mẹ́ta èyí tí ẹ máa rí ní Limbe. Ara lè mọ́ ọn lára tí èèyàn bá lo ọjọ́ mélòó kan, àmọ́ ẹni tó ń sáré kò ní ọjọ́ mélòó kan. Láti nǹkan bíi mítà 2,500 lọ, orí lè bẹ̀rẹ̀ sí fọ́, èébì á máa gbéni, oúnjẹ ò ní wọ ọ̀fun. Òtútù tún ń bẹ: tí a bá gun mítà 1,000, ooru á dín ní bíi díńgírì mẹ́fà, ẹni tó làágùn ní Molyko lè máa gbọ̀n rìrì lókè kí ọ̀sán tó pọ́n. Èyí ṣì ṣeé fara dà. Èyí tí kò ṣeé fara dà ni kí ẹsẹ̀ máa ta gẹ́ẹ́gẹ̀ẹ́ bíi tẹni tó mutí, kí ọ̀rọ̀ máa dàrú lẹ́nu, tàbí kí ikọ́ máa hó láyà bí omi inú ìkòkò. Omi ti ń wọ ọpọlọ tàbí ẹ̀dọ̀fóró nìyẹn. Kò sí àgbo tó ń wò ó níbẹ̀, kò sí ọfọ̀ tí mo mọ̀. Ìsọ̀kalẹ̀ ni oògùn rẹ̀, lójú ẹsẹ̀.

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí a jọ ń tajà, jọ gun òkè yẹn. Ẹsẹ̀ ni a fi rìn, ọ̀dọ́kùnrin Bakweri kan ló ń mọ̀nà fún wa. A sun ibùdó kejì. Lóru, orí ń fọ́ ọ̀rẹ́ mi, ó ní òtútù ni. Ilẹ̀ mọ́, ó bì lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní ẹ̀wà àná ni. Ìgbà tó dìde tó fẹ́ wọ bàtà, ó ń fi ẹsẹ̀ ọ̀tún wá bàtà òsì. Ojú ọ̀run mọ́ kedere láàárọ̀ yẹn, à ń wo ọ̀nà òkè bó ṣe ń lọ, ó dà bí ibi tí ọwọ́ lè tó. Ọ̀dọ́kùnrin yẹn ò bá wa jiyàn. Ó kàn gbé ẹrù ọ̀rẹ́ mi lé èjìká tirẹ̀, ó kọjú sísàlẹ̀, ó sì ń lọ. Kí a tó dé ibùdó kìíní, ojú ọ̀rẹ́ mi ti là. Ní Buea, ó béèrè oúnjẹ.

Àwa ò dé Fako. Ó ti lé lógún ọdún, mi ò tíì débẹ̀ títí dòní, mo sì ń jẹun. Ìgbà tí mo délé, bàbá tó kọ́ mi nífá ò bi mí pé ṣé mo dé ṣóńṣó. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Káàbọ̀." Ó ní kí wọ́n gbé omi fún mi.

Ohun tí mo wá ṣe fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi rèé. Mo pè é, mo fi èèwọ̀ mẹ́ta lé e lọ́wọ́. Kò gbọdọ̀ gòkè síwájú sí i tí orí bá ń fọ́ ọ tí èébì sì ń gbé e. Kò gbọdọ̀ dá wà lókè ibùdó kejì. Kó rí i pé ẹnì kan wà níwájú tàbí lẹ́yìn tí ohùn rẹ̀ lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Tí olùtọ́jú tàbí afọ̀nàhàn bá ní "padà", kò gbọdọ̀ sọ pé "ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú díẹ̀". Mo sọ ọ́ di èèwọ̀ nítorí mo mọ ọmọ náà, ó ń bẹ̀rù èèwọ̀ ju ìmọ̀ràn lọ. Mo sì là á yé e pé ẹnu èmi bàbá rẹ̀ ni èèwọ̀ yìí ti wá, kì í ṣe ẹnu Ifá. Mi ò ní fi orúkọ Ifá gbé ọ̀rọ̀ tèmi ró. Ó rẹ́rìn-ín, ó dọ̀bálẹ̀, ó gbà. Mo tún sọ fún ìyá rẹ̀ lójú rẹ̀ pé ọjọ́ tó bá padà láti ìdajì ọ̀nà, adìyẹ kejì tèmi ni.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ètùtù olókè ò kàn. Láti nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ni ìjà ti wà ní apá ibẹ̀ láàárín ìjọba àti àwọn tó fẹ́ yapa. Lóṣù kejì ọdún 2023, àdó olóró bú lójú ọ̀nà eré yìí gan-an, ó sì ṣe àwọn sárésáré léṣe. Olókè lè gbà wá láàyè kí ọmọ aráyé má gbà wá. Nítorí náà, a ti jọ sọ ọ́ pé ọ̀sẹ̀ tó bá fẹ́ gbéra la máa tó mọ̀ bóyá ó ń lọ. Tí ìròyìn ò bá dáa, owó ọkọ̀ á ṣòfò, kó ṣòfò.

Àwọn kan ti ń béèrè kánàkò lọ́wọ́ mi nítorí eré. Mo gbọ́ yín o. Ẹni tó bá fi kánàkò sá eré ìdíje, olè ni, kó lọ dúró pẹ̀lú àwọn tó ń gun ọ̀kadà láàárín eré. Ẹ má sì fún ọmọ ní àgbo ọlọ́tí láàárọ̀ eré. Omi ara rẹ̀ lẹ fẹ́ gbẹ yẹn. Kó má sì máa gbé oògùn ìrora mì léraléra nígbà tí omi bá ti gbẹ lára rẹ̀, kíndìnrín ló ń jìyà rẹ̀. Omi, iyọ̀ díẹ̀, ṣúgà, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ̀wù òtútù fẹ́ẹ́rẹ́ tó ṣeé dì mọ́ ìbàdí: ìwọ̀nyí lẹrù rẹ̀.

Gígùn òkè ni gbogbo èèyàn ń bẹ̀rù, àmọ́ ìsọ̀kalẹ̀ ló ń ba ẹsẹ̀ jẹ́. Tí a bá ń sọ̀ kalẹ̀, itan ló ń di gbogbo ara mú kó má ṣubú, iṣan á máa nà níbi tó ti ń fà. Ẹni tí kò bá kọ́ ọ nílé, ọjọ́ kejì kò ní lè jókòó sórí àga láìfọwọ́ ti nǹkan. Ìka ẹsẹ̀ á máa gbá iwájú bàtà, èékánná á di dúdú. Kí wọ́n gé èékánná kí ó tó dọjọ́, kí wọ́n so okùn bàtà le níbi ọrùn ẹsẹ̀ kí wọ́n tó yíjú sísàlẹ̀.

Torí ẹ̀ la ṣe fẹ́ lọ sí Ìdànrè. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní 600, ó sì dáa fún ẹni tó fẹ́ kọ́ ìsọ̀kalẹ̀: gùn ún wọ́ọ́rọ́, sọ̀ ọ́ kalẹ̀ jẹ́jẹ́, tún un ṣe. Àwọn ọmọ ilé tó bá fẹ́ bá wa lọ, ọjọ́ Àbámẹ́ta kejì oṣù tó ń bọ̀ ni. A ó kọ́kọ́ kí àwọn onílé, a ó sì tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn ká tó gbé ẹsẹ̀ lé àtẹ̀gùn, nítorí Òròsùn ń bẹ lókè yẹn, ó sì ní àwọn tó ń bọ ọ́. Ẹ̀yin ìyá wa tí orúnkún ń dùn lè bá wa dé ibi ìsinmi àkọ́kọ́, ẹ ó bá wa ṣọ́ oúnjẹ. Kí ẹnikẹ́ni má wọ bàtà tuntun wá. Èyí tó ti mọ́ yín lẹ́sẹ̀ ni kẹ́ ẹ wọ̀. Ẹni tó bá mú omi inú ọ̀rá wá ló máa kó ọ̀rá rẹ̀ padà. Aago márùn-ún ìdájí ni mọ́tò ń gbéra lẹ́nu ọ̀nà ilé.